Àjọ Ni, Kì í Ṣe Ọ̀fẹ́

Nígbàkúùgbà tí ìdìbò bá ti ń súnmọ́ ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ìlera a di ohun tí àwọn olóṣèlú fi ń jà. Ẹgbẹ́ kan a kígbe pé, “Ìwòsàn ọ̀fẹ́ fún tọmọdé tàgbà!” Ẹgbẹ́ kejì a dá a lóhùn pé, “Irọ́ ni. Owó rẹ̀ kò sí.” Èrò ìwòran a pín sí ọ̀nà méjì, wọn a kọrin, wọn a bú ara wọn, nígbà tí ìdìbò bá sì kọjá tán, aláìsàn a wà níbi tí ó ti wà. Ohun ìyanu ni pé apá méjèèjì kì í fẹ́ dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà wo ni kí ará ìlú san owó ìwòsàn rẹ̀: ṣé nígbà tí ara rẹ̀ le, tí ó ń ṣiṣẹ́, tí ó ń tà, tí ó ń rà, tàbí nígbà tí àìsàn bá ti dá a dùbúlẹ̀ tán? Ìwòsàn tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀ kò sí lábẹ́ ọ̀run. Nítorí náà, asán ni ìjà “ó jẹ́ ọ̀fẹ́” àti “kò lè jẹ́ ọ̀fẹ́”, bí ó ti wù kí ariwo rẹ̀ pọ̀ tó.

Bí nǹkan ti rí ní Nàìjíríà, nínú náírà mẹ́wàá tí wọ́n ń ná lórí ìlera, ó lé ní méje tí ń jáde tààrà láti inú àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí kò fara sin. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró, tí agbára rẹ̀ ti pin, òun gan-an ni ìlú ń sọ fún pé kí ó wá san owó tí ó pọ̀ jù lọ, ní ọjọ́ tí ó ṣòro fún un jù lọ láti rí i. Aboyún tí ó nílò iṣẹ́ abẹ a dùbúlẹ̀ títí ọkọ rẹ̀ yóò fi yá owó dé. Ẹlòmíràn a ta ilẹ̀ baba rẹ̀; ẹlòmíràn a mú ọmọ kúrò ní ilé-ìwé. Ẹni tí ó bá ń sọ pé Nàìjíríà kò lè san owó ìlera, kí ó mọ̀ dájú pé Nàìjíríà ń san án lójoojúmọ́. Ọ̀nà tí ó rorò jù lọ ni ó ń gbà san án.

Ìjà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group ń ṣe ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọ́n pinnu pé ilé ìwòsàn ìjọba yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí wọn. Wọn kò sì fi ibi tí owó yóò ti wá pamọ́. Ní 1953 wọ́n bu owó pàtàkì kan lé àwọn tí ń san owó-orí, wọ́n sì sọ gbangba pé fún ẹ̀kọ́ àti ìlera ni. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn sí i. Ẹgbẹ́ NCNC gbá ìbínú ìlú náà mú, wọ́n fi bá ìjọba jà. Nígbà tí ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ sì dé ní 1954, NCNC ni ó kó àga tí ó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn, lórí ilẹ̀ Action Group gan-an.

Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí àwọn olóṣèlú fà yọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ó yẹ kí wọ́n fi sùúrù làdí ọ̀rọ̀ owó fún ìlú kí wọ́n tó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí púpọ̀ nínú wọn fà yọ ni pé kí wọ́n má ṣe dárúkọ owó mọ́ rárá. Ní 1979, ẹgbẹ́ UPN fi ìwòsàn ọ̀fẹ́ ṣe ọ̀kan nínú ètò mẹ́rin tí wọ́n fi tọrọ ìbò. Wọ́n wọlé ní ìpínlẹ̀ márùn-ún, Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel, wọ́n sì mú ìlérí wọn ṣẹ. Ó tọ́ kí wọ́n gba ìyìn lórí èyí, nítorí ọmọ tí ì bá kú ni ó yè. Ṣùgbọ́n owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín láti inú epo rọ̀bì ni ètò náà gbára lé jù lọ. Nígbà tí owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn láti 1981 lọ, owó oṣù òṣìṣẹ́ kò dé déédéé mọ́, oògùn sì di ọ̀wọ́n. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ NPN, tí ń ṣe ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Alhaji Shehu Shagari, kò ní ẹnu láti fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù December 1983, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí Sani Abacha kà lórí rédíò ni pé àwọn ilé ìwòsàn ti di ibi tí dókítà kàn ń wo aláìsàn lásán, láìsí oògùn, láìsí omi, láìsí ohun èlò. Kò yọ ilé ìwòsàn ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀ nínú ẹ̀sùn náà. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀fẹ́, àyè oògùn ṣófo. Níbi tí wọ́n ti ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣófo pẹ̀lú. Owó tí wọ́n ń já gbà lọ́wọ́ aláìsàn kò fìgbà kan tó láti gbé ìlera odidi orílẹ̀-èdè ró.

Ẹni tí ó bá rò pé kò sí ọ̀nà mìíràn, kí ó yíjú sí Gánà. Ní 1985, ìjọba Jerry Rawlings gbé owó ilé ìwòsàn sókè, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìlú fi sọ ètò náà ní “cash and carry”, bí ẹni pé iṣu ni aláìsàn wá rà. Ní ìdìbò 2000, ẹgbẹ́ NPP tí John Kufuor ṣe aṣáájú rẹ̀ ṣèlérí láti fòpin sí i. Wọ́n wọlé, wọ́n sì ṣe òfin adójútòfò ìlera ní 2003. Ohun tí ó ya òfin yìí sọ́tọ̀ ni pé ó dárúkọ orísun owó rẹ̀: ìdá 2.5 nínú 100 lórí iye ọjà àti iṣẹ́ tí òfin náà kàn, àti díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dá. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fàáké kọ́rí. Ẹgbẹ́ NDC tako òfin náà ní ilé aṣòfin. Síbẹ̀ ó dúró.

Nígbà tí ó di 2008, ẹgbẹ́ NDC kan náà ń wá ìbò. Wọ́n ṣèlérí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ni ènìyàn yóò máa sanwó sínú ètò náà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n lo ọdún mẹ́jọ lórí oyè, ìlérí náà kò ṣẹ. Ṣùgbọ́n wọn kò fagi lé owó ọjà náà. Kàkà bẹ́ẹ̀, òfin tuntun ni wọ́n ṣe ní 2012 láti tún ètò náà tò. Ohun tí wọ́n kọ̀ nígbà tí wọ́n wà níta ni wọ́n dì mú nígbà tí wọ́n dé inú ilé. Ètò Gánà ní àbùkù: owó ilé ìwòsàn a máa pẹ́ kí ó tó dé, àwọn kan a sì máa tún gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ní káàdì. Ṣùgbọ́n òfin dá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 àti àgbà tí ó ti pé 70 sí nínú owó ọdọọdún, wọ́n sì dá aboyún náà sí láti 2008.

Nàìjíríà kò ṣaláìní òfin. Ìjọba ológun ṣe òfin adójútòfò ìlera ní 1999. 2005 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó sì kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Ní 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan ti ẹgbẹ́ PDP buwọ́ lu òfin ìlera tí ó ní kí wọ́n yọ ó kéré tán náírà kan sọ́tọ̀ nínú 100 láti inú àkójọ owó ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́dé. Ní 2015 ẹgbẹ́ APC gba ìjọba. 2018 ni owó náà tó kọ́kọ́ wọ inú ètò ìnáwó. Ẹgbẹ́ tí ó buwọ́ lu òfin kò yọ owó náà kí ó tó lọ. Ẹgbẹ́ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ lo ọdún mẹ́ta kí ó tó rántí. Ní 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin mìíràn tí ó sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo ará ìlú, nígbà tí àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò tíì tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Dandan tí kò sọ bí alágbàro àti aláta yóò ṣe san tiwọn, orí ìwé ni yóò máa gbé.

Àwọn kan a máa ṣe àríwísí pé kò tọ́ kí ẹni tí ara rẹ̀ le máa sanwó fún aláìsàn. Kí wọ́n wo àdúgbò wọn. Gbogbo onílé ni ó ń dá owó ọdẹ tí ń ṣọ́ òru. Kò sì sí ẹni tí í lọ bá baálẹ̀ ní òpin ọdún pé kí wọ́n dá owó òun padà nítorí pé olè kò wọ ilé òun. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àwọn mìíràn a ní wọn yóò jí owó náà jẹ. Ẹ̀rù yìí kò ṣàìnídìí, ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Alájọ ti gbé owó sá lọ rí ní ọ̀pọ̀ ọjà, síbẹ̀ àwọn ìyálọ́jà kò tìtorí rẹ̀ pa àjọ rẹ́; ẹni tí wọ́n mọ ilé rẹ̀ ni wọ́n wá, wọ́n sì ń yẹ káàdì wọn wò. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí àpò ìlera dá dúró kúrò lára àpò ìjọba yòókù, kí àwọn tí ń dá owó ní aṣojú níbẹ̀, kí wọ́n sì lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn gbogbo fún gbogbo ojú láti rí.

Nítorí náà, olùdíje tí ó bá dúró lórí pèpéle tí ó ń pariwo ọ̀fẹ́, tàbí èyí tí ó ń pariwo pé kò ṣeé ṣe, ìbéèrè mẹ́ta ni kí olùdìbò bi í: èló ni, ọwọ́ ta ni yóò ti wá, ta ni yóò sì máa ṣọ́ ọ? Èyí tí kò bá lè dáhùn, ì báà jẹ́ ti ẹgbẹ́ tí olùdìbò fẹ́ràn jù lọ, kí wọ́n fi ìbò dù ú. Àìsàn kì í bèèrè káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú kí ó tó wọlé.