Òjò ń rọ̀, àwọn ọ̀dọ́langba fẹ́ jáde: ibo ni kẹ́ ẹ mú wọn lọ n'Ílọrin?

Láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá lòjò fi ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa n'Ílọrin. Bó bá tilẹ̀ dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, oṣù kẹsàn-án ló máa ń fi agbára rẹ̀ hàn, ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ àwọn ọmọ ilé ìwé sì bọ́ sí àárín rẹ̀. Ọmọ kékeré, ẹ lè fi àlọ́ àti ẹ̀pà dá a dúró sílé. Ọmọ ọdún 13 sí 17 ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá tì í mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta, orí fóònù ni yóò wà tílẹ̀ fi máa ṣú, tàbí kó dọ́gbọ́n jáde láìsọ fún ẹnì kankan. Ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tó wà ládùúgbò ni àwọn kan ń lọ. Àwọn mìíràn á gba etí Odò Asà lọ, wọ́n á ní àwọn fẹ́ wo bí omi ṣe kún.

Etí odò yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Omi tó ń ṣàn, bí kò tilẹ̀ ju ínṣì 6 lọ, ìyẹn díẹ̀ lókè ọrùn ẹsẹ̀, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ọmọ tó mọ odò wẹ̀ pàápàá kò lè bá a jà, torí omi nìkan kọ́ ló ń bọ̀: igi, páànù àti àfọ́kù ìgò ń bá a bọ̀ ni. Gọ́tà tí omi ti bò mọ́lẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí kànga, ẹni tó ń rìn kò lè mọ ibi tí títì parí sí.

Èmi ò ní kẹ́ ẹ tì wọ́n mọ́lé o. Ẹ ṣètò ìjáde kan lọ́sẹ̀, tó jẹ́ abẹ́ òrùlé ni wọn yóò wà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn fúnra wọn mú ọ̀kan nínú ibi méjì tàbí mẹ́ta tẹ́ ẹ bá dárúkọ. Ibi tí òbí nìkan yàn, ńṣe ni ọmọ ọdún 15 yóò máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ní tèmi, ìsọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dàda, ládùúgbò Òkèlele, ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀kan nínú àwọn ibi ìmọ̀kòkò ìbílẹ̀ tó tóbi jù ní Nàìjíríà ni. Àwọn obìnrin ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ọwọ́ ìyá lọmọ sì ti ń kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo bí wọ́n ṣe ń lu amọ̀ lé ìdí ìkòkò àtijọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, láìsí ẹ̀rọ kankan. Kí wọ́n bi àwọn ìyá náà léèrè ohun tí òjò ń ṣe síṣẹ́ wọn, torí ìkòkò tí kò bá gbẹ dénú, bí iná bá kàn án, yóò là ni. Ẹ ra ìsáàsùn kékeré kan lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì tọrọ àyè kí wọ́n tó ya fọ́tò. Àwọn ìyá yẹn ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni, wọn kì í ṣe ìran.

Àwọn tó ń hun aṣọ òfì láàárín ìlú náà wà. Ẹ ní kí ọmọ ka iye ìgbà tí igi kékeré tó ń gbé òwú lọ gbé òwú bọ̀ ń kọjá níṣẹ́jú kan. Yóò mọ ìdí tí aṣọ ọ̀hún fi wọ́n. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá àgbà tẹ́ ẹ ṣì rántí làńtànà, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí wọ́n ń fi òkúta gbẹ́ n'Ílọrin láyé àtijọ́, ẹ bá wọn lọ bí ẹsẹ̀ bá gbé yín. Ẹ̀yin lẹ lè sọ ìtàn yẹn.

Ọmọ tó fẹ́ràn ìwé, ilé ìkàwé ìjọba Kwara wà. Bí owó ọkọ̀ bá wà, Èsìẹ́ kò burú: ibẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1945, ère òkúta tó wà níbẹ̀ sì ju 1,000 lọ. Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìlọrin, ẹ fi í sí ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́. Òkè Sòbí, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pátápátá, torí òkúta tó ń yọ̀ àti mànàmáná. Bí mànàmáná bá kọ, tí ààrá sì sán kẹ́ ẹ tó ka 30, kí wọ́n wọ inú ilé, kì í ṣe abẹ́ igi, kí wọ́n má sì jáde àyàfi tí ó bá tó 30 ìṣẹ́jú tí wọ́n ti gbọ́ ààrá gbẹ̀yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS ńkọ́? Ọ̀pọ̀ òbí kì í jẹ́ kó bá àwọn yòókù jáde rárá, ọmọ ọ̀hún á wá máa rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ òun. Ó lè lọ. Òtútù àti aṣọ tútù tó gbẹ mọ́ ọn lára ló lè jẹ́ kí eegun bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, nítorí náà kí ó gbé súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ mìíràn sínú ọ̀rá lọ́wọ́, kó má sì fi ọ̀kadà lọ. Márúwá tàbí kòróòpe ló dáa fún un. Kó máa mu omi dáadáa, torí nígbà òtútù, òǹgbẹ kì í gbẹ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ara ń fẹ́ omi. Bí àyà bá ń dùn ún, tí kò lè mí dáadáa, tàbí tí ibà dé sí i, ẹ má dúró fi nǹkan pa á lára, ilé ìwòsàn ni. Ọmọ tó ní ikọ́ fée náà, kó má gbàgbé oògùn tó ń fà sẹ́nu.

Omi mímu, láti ilé ni kẹ́ ẹ ti gbé e, kó jẹ́ èyí tẹ́ ẹ ti sè. Ẹ rántí ọdún 2017: títí di ìparí oṣù kẹfà ọdún náà, èèyàn 1,558 ni wọ́n fura sí pé ó kó àrùn onígbáméjì ní Kwara, 11 sì kú, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìlọrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Àgbàdo sísun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, kí wọ́n jẹ ẹ́ tẹ́rùn. Èso tí wọ́n ti gé kalẹ̀ létí títì, kí wọ́n yà fún un.

Bí wọ́n bá dé, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó jókòó, kí wọ́n nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbẹ. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn fúnra yín. Bí irin tàbí ìgò bá gé wọn nínú omi ìdọ̀tí, ẹ mú wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n nílò abẹ́rẹ́ tetanus.