KÍ Á TÓ SAN OWÓ ILÉ, KÍ Á WO ÀDÚGBÒ

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwa ní tiwa ń sọ pé àdúgbò ni kí á wò kí á tó san owó ilé.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá kò fara sin. Ìlú Ṣakí ń fẹ̀ lójoojúmọ́. Ibi tí ó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí àwọn awọnlẹ̀ ń ri òpó mọ́. Ọ̀nà yòówù kí á gbà jáde nílùú, àwọn alágbàtà ń nàka sí ilẹ̀ àti ilé, wọ́n ń pariwo pé owó pọ́ọ́kú ni. Ta ni wọ́n ń pè? Òṣìṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì ni, awakọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ ni, ẹni tí ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni.

Olówó lè ra ilé mẹ́ta. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, yóò kó lọ sí èkejì. Òṣìṣẹ́ ní tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò rà láyé rẹ̀. Bí ògiri bá là, a lè rẹ́ ẹ. Bí páànù bá ń jò, a lè pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ilé dúró sí, kò sí bíríkìlà tí ó lè tún un ṣe. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ yẹ ibẹ̀ wò kí ẹ tó yẹ ilé wò.

OMI KÌ Í GBÀGBÉ Ọ̀NÀ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí á wo Ìbàdàn. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀, odò Ògùnpa kún, ó sì ya wọ ilé onílé. Àwọn tí ó bá omíyalé náà lọ ju 200 lọ. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Odò yìí kan náà ti ya ní ọdún 1960, ní 1963 àti ní 1978. Síbẹ̀, bí ilé ti ń pọ̀ sí i létí odò ni pàǹtí ń dí i. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tún rọ̀ ní Ìbàdàn, omi gbé afárá lọ, ènìyàn tí ó ju 100 lọ sì kú. Ẹ rántí pé ilé tí omi wọ̀ náà ní ẹni tí ó tà á, ó sì ní ẹni tí ó rà á.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé Ṣakí kì í ṣe Ìbàdàn, pé ọdàn ni tiwa. Òótọ́ ni pé ọdàn ni, ṣùgbọ́n ọdàn tí òkè yí ká ni. Agbègbè tiwa yìí ni odò Ògùn pàápàá ti ṣẹ̀ kí ó tó máa ṣàn lọ títí dé Èkó. Àpáta kì í fa omi mu. Òjò wákàtí kan lórí àpáta, ẹsẹ̀ òkè ni gbogbo rẹ̀ yóò sáré wá, ọ̀gbun tí kò ní ẹ̀kán omi kan ní àárọ̀ yóò sì di odò ní ìrọ̀lẹ́.

Ìgbà wo ni òṣìṣẹ́ máa ń lọ wo ilẹ̀? Ọjọ́ ìsinmi ni, ní ọ̀sán gangan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọ̀nà gbẹ. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, àbàtà àti ilẹ̀ gidi a máa jọ ara wọn. Alágbàtà mọ èyí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilé, kí ó lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn òjò ńlá. Bí kò bá lè dúró di ìgbà òjò, kí ó wo ara ògiri àwọn ilé tí ó yí i ká bóyá ẹrẹ̀ fi ilà sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ó wò ó bóyá ìpìlẹ̀ wọn ti yọ síta nítorí pé omi ti kó yẹ̀pẹ̀ lọ. Bí ó bá rí koríko tí ó tutù yọ̀yọ̀ láàárín ọyẹ́, kí ó mọ̀ pé omi kò jìnnà sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ó sì bi àwọn ọlọ́kadà léèrè ibi tí wọn kì í gbà bí òjò bá rọ̀. Àwọn yẹn kò ní ilẹ̀ kankan láti tà.

Omi nìkan kọ́ o. Ilé tí ó wà ní ìpẹ̀kun ìlú, tí ìgbẹ́ gbígbẹ kàn án lẹ́yìn, iná ọdàn ni ọ̀tá rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹ béèrè ibi tí iná jó dé ní ọdún tí ó kọjá.

TA NI YÓÒ MÁA GBÉ Ẹ̀GBẸ́ WA?

Bodija ní Ìbàdàn kì í ṣe àdúgbò tí ó hù bí olú. Ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni ó fi ètò tẹ̀ ẹ́ dó, àwọn ènìyàn ńláńlá sì wà níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kíní ọdún 2024, ohun abúgbàù kan bú níbẹ̀. Ènìyàn kú, ó lé ní 70 tí ó farapa, ilé púpọ̀ sì bàjẹ́. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn tí ń wa ohun àlùmọ́ọ́nì láìgba àṣẹ ni wọ́n kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé kan ní àdúgbò náà. Àwọn ará àdúgbò ti sanwó ilé tí ó dára, wọ́n ní ìwé, wọ́n ní ọ̀nà ọ̀dà. Ohun tí ó wà nínú ilé ẹnìkejì ni ó ṣe wọ́n léṣe.

Àwa tí a wà ní Òkè-Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta iyebíye nínú igbó, kò yẹ kí á gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí bí ìtàn ará òkèèrè. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Ẹ wò ó bóyá ilé kan wà nítòsí tí wọ́n ń kó bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ wo ibi tí ilé epo wà, ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ẹ lọ síbẹ̀ lálẹ́, ẹ sì lọ ní ọjọ́ ọjà. Àdúgbò tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́sàn-án lè má ṣeé gbé lóru. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ni ẹ lè la àwa yòókù lójú lórí èyí: ilé tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè níbi tí ọ̀nà ti yí kọ́rọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni tírélà tí bíréèkì rẹ̀ já yóò forí lé.

ÌWÉ ÀTI ÀMÌ PUPA

Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìlú, ó lè gbà á padà. Ilé àti ohun tí a fi ọwọ́ ṣe sórí ilẹ̀ ni òfin sọ pé kí wọ́n san owó rẹ̀. Iye tí a fún ọmọ onílẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì ní ìwé, yóò ṣòro fún un láti gba èyí náà. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Èkó wó Maroko, nǹkan bí 300,000 ènìyàn sì di aláìnílé. Ìjọba ní ilẹ̀ ìjọba ni, àti pé omi lè bò ó. Òṣìṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn.

Nítorí náà, rìsíìtì àti ìbọwọ́ pẹ̀lú ọmọ onílẹ̀ kò tó. Kí á gba àwòrán ilẹ̀ náà, kí awọnlẹ̀ tí a gbẹ́kẹ̀ lé bá wa mú un lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀ ní Agodi, kí wọ́n wò ó bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Kí á mú téèpù dání pẹ̀lú. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, ó lé ní mítà 45 láti àárín ọ̀nà tí ó jẹ́ ti ìjọba. Lábẹ́ wáyà iná ńlá tí agbára rẹ̀ tó 330,000 fólítì, mítà 50 ni fífẹ̀ ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí.

OWÓ TÍ ALÁGBÀTÀ KÌ Í KÀ MỌ́ ỌN

Ká sọ pé ilé náà jìnnà, tí ọkọ̀ jẹ́ ₦500 ní àlọ àti ₦500 ní àbọ̀. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 26, ₦26,000 nìyẹn lóṣù kan. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin ọdún 2024 là sílẹ̀ jẹ́ ₦70,000. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ tí ọ̀nà yóò jẹ, ọmọ kò sì tíì jẹun.

Omi mímu ńkọ́? Ní ilẹ̀ olókùúta bíi tiwa, kànga lè kan àpáta kí ó tó kan omi. Ẹ yọjú wo kànga aládùúgbò ní oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, kí ẹ rí i bóyá omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ sì wo ibi tí ṣaláńgá wà: ó yẹ kí ó jìnnà sí kànga tó mítà 30, kí ó má sì wà lókè rẹ̀.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

A mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀. Wọn yóò ní ibi tí ó dára ti wọ́n ju agbára òṣìṣẹ́ lọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, a kò sì bú ẹnikẹ́ni tí ó ra ibi tí owó rẹ̀ ká. Owó oṣù tí kò tó nǹkan ni ó ń ti òṣìṣẹ́ lọ sí àfonífojì. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá pọ́ọ́kú, ó ní ìdí, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ìdí náà. Bí ó bá jẹ́ jíjìnnà ni, a lè fara dà á. Bí ó bá jẹ́ omi ni, ọ̀fẹ́ pàápàá ti wọ́n jù.

Ìjọba náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Àwọn tí ń rí sí ètò ilé kíkọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kì í yọjú nígbà tí wọ́n ń ta etídò. Ìgbà tí a bá kan páànù tán ni wọ́n ń gbé ọ̀dà pupa dé. Kí wọ́n wá ri òpó sí ẹ̀bá gbogbo odò Ṣakí nísinsìnyí, kí gbogbo ayé rí ibi tí kò ṣeé tà.

Ní ti àwa fúnra wa, ohun méjì ni a ó gbé wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa tí ń bọ̀. Èkíní, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa má ṣe fún ẹnikẹ́ni lówó ilé mọ́ títí tí ọmọ ẹgbẹ́ méjì, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan àti awakọ̀ kan, yóò fi bá a lọ wo ibẹ̀ lẹ́yìn òjò àti lálẹ́. Èkejì, kí á jọ dá owó awọnlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà torí owó kékeré yẹn ra ilẹ̀ ìjọba. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹni tí ó bá dá lọ wo ilẹ̀, alágbàtà ni yóò bá pàdé. Bí a bá jọ lọ, òtítọ́ ni a ó bá pàdé.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ kò ní bàjẹ́ o.