Ẹ Kọ Orúkọ Àìsàn Náà Sílẹ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún, Arigbo ní Dassa-Zoumè kì í gba èrò. Láti ọdún 1954 ni àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ti ń rìnrìn àjò lọ síbẹ̀ láti bu ọlá fún Màríà Wúńdíá níwájú ihò àpáta. Àwọn kan ń ti Kútọnu wá, àwọn kan ń ti Parakou wá, àwọn mìíràn sì ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Èrò á fún mọ́ra, òtútù òjò á wà nílẹ̀, èéfín àbẹ́là àti tùràrí á gba afẹ́fẹ́. Ẹni tí àyà rẹ̀ le yóò húkọ́ díẹ̀, yóò sì máa bá àdúrà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èémí ẹni tí ó ní ikọ́ sémìísémìí, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní asthme, lè há níbẹ̀, kí àyà rẹ̀ máa dún bí fèrè.

Wọn yóò gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ ọ́n rí. Nọ́ọ̀sì náà yóò béèrè ìwé ìlera rẹ̀, èyí tí à ń pè ní carnet. Ká ní ohun tí ó bá nínú rẹ̀ nìyí: toux, ní oṣù kìíní; toux, ní oṣù kẹta; bronchite, ní oṣù karùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni aláìsàn yìí ti gba òògùn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ara rẹ̀ ti yá fún ọjọ́ díẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó so ẹ̀ẹ̀mẹta náà pọ̀. Toux ni ikọ́. Ikọ́ kì í ṣe orúkọ àìsàn, àmì àìsàn ni. Ikọ́ ife a máa mú ni húkọ́, òtútù àyà a máa mú ni húkọ́, asthme náà a máa mú ni húkọ́, bẹ́ẹ̀ ni òògùn wọn kò dọ́gba.

Ọ̀nà kan wà tí gbogbo ayé fi ń kọ orúkọ àìsàn. Ní ọdún 1893, Jacques Bertillon, ará Paris, gbé ìwé kan kalẹ̀ tí ó to àwọn ohun tí ń pa ènìyàn lẹ́sẹẹsẹ. Ní ọdún 1948, iṣẹ́ náà bọ́ sí ọwọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS. Àìsàn kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà. Nínú àtúnṣe kẹwàá ìwé náà, R05 ni ikọ́ lásán, J45 ni asthme, J46 sì ni asthme tí ó le gan-an tí kò fẹ́ rọlẹ̀. Àtúnṣe kọkànlá, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, pe asthme ní CA23. Bí wọ́n bá kọ J45 sínú ìwé ará Ìbàdàn kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì tí ń ka Faransé ní Dassa yóò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láìwá ògbifọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí aláìsàn kan. Ohun tí ilé ìwòsàn kọ sínú ìwé ńlá rẹ̀ ni wọ́n ń kà, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ìlera agbègbè Dassa àti Glazoué, tí ó sì ń dé Kútọnu. Bí wọ́n bá pe ẹni mẹ́wàá tí ó ní asthme ní oníkọ́, lójú ẹni tí ń kà á ní Kútọnu, kò sí asthme ní Dassa. Ta ni yóò wá ra òògùn àìsàn tí kò sí? Salbutamol, pọ́ǹpù kékeré tí à ń fọ́n sẹ́nu, a máa la ọ̀nà èémí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í wo ìwúlé tí ó wà nínú rẹ̀. Béclométasone, tí à ń fọ́n lójoojúmọ́, ni ó ń dènà ìkọlù. OMS ṣírò pé asthme pa ènìyàn 455,000 ní ayé ní ọdún 2019.

A kò sọ pé kí wọ́n máa kọ asthme fún gbogbo ẹni tí ń mí gúlegúle o. Àwọn kan wà ní ẹsẹ̀ òkè Dassa tí ń fi òòlù fọ́ òkúta jẹun. Eruku òkúta lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ní ọ̀nà mìíràn pátápátá. Ẹni tí wọ́n bá ṣi orúkọ fún yóò máa fọ́n pọ́ǹpù nígbà tí àìsàn rẹ̀ ń jẹ ẹ́ lọ. Nítorí náà, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ nínú àyà, àkókò tí ó máa ń dé, bóyá lóru ni tàbí nígbà ọyẹ́ tàbí nídìí èéfín ààrò, kí wọ́n sì kọ bóyá èémí là lẹ́yìn salbutamol. Bí kò bá tíì dá wọn lójú, kí wọ́n kọ pé ó jọ asthme, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí aláìsàn yóò padà wá.

A mọ̀ pé ọwọ́ tí ń gún abẹ́rẹ́ náà ni ó ń kọ̀wé, èrò sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí Ilé-iṣẹ́ Ìjọba fún Ìlera fi ènìyàn kún àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí, kí ó sì kọ́ wọn ní lílo àmì náà. A tún mọ̀ pé orúkọ náà ń ba àwọn ẹbí kan lẹ́rù, pàápàá bí wọ́n bá ní ọmọbìnrin tí ó tó lọ sílé ọkọ. Àìkọ rẹ̀ kò mú un kúrò ní àyà ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà báyìí, ẹ ṣí carnet yín lálẹ́ òní. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Diagnostic sí, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e. Bí ó bá jẹ́ toux léraléra, tí àyà sì ń dún bí fèrè, ẹ gbé e padà lọ, kí ẹ bi wọ́n léèrè irú ikọ́ tí ó jẹ́. Ẹni tí ó bá sì ń múra Arigbo sílẹ̀, kí ó fi ìwé náà àti pọ́ǹpù rẹ̀ sínú àpò kan náà, níbi tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti lè tètè tó o.