Kí Ọmọ Má Kẹ́yìn Ẹgbẹ́: Oògùn Olóró àti Ètò Ẹgbẹ́ Nílẹ̀ Yorùbá

Kò wọ́pọ̀ kí òbí Yorùbá gbàdúrà fún ọmọ kí ó má fi kún un pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó kẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ti ń gbà á, wọn a tún gbà á ní ọjọ́ tí ọmọ bá ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí tí ó bá ń lọ kọ́ṣẹ́. Àdúrà náà dára, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ọmọ ní ohun kan: pé ojú ẹgbẹ́ ni yóò máa wò kí ó tó mọ̀ bóyá òun ń lọ síwájú tàbí òun ń padà sẹ́yìn. Nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bá rí i tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé ìgò oògùn ikọ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ lẹ́yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ìbẹ̀rù kí òun má kẹ́yìn ẹgbẹ́ yìí gan-an ni í mú un na ọwọ́ gbà á.

Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí à ń fi ọwọ́ bo ẹnu sọ. Ìwádìí ọdún 2018 tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìṣirò, NBS, àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lórí lílo oògùn olóró ní Nàìjíríà fi hàn pé nínú àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 15 sí 64, ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 ni ó lo oògùn olóró, tàbí tí ó ṣi oògùn ìwòsàn lò, láàrin ọdún kan. Ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, nígbà tí ti gbogbo àgbáyé jẹ́ 5.6. Èyí tí ó yẹ kí ó ká ọmọ Yorùbá lára jù ni pé ẹkùn Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn ni ó léwájú gbogbo ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, pẹ̀lú ìdá 22.4. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ìdá 33, ti Ọ̀yọ́ sì jẹ́ 23. Irú ipò kìíní báyìí kò yẹ ilẹ̀ Yorùbá.

Kì í ṣe pé ìjọba káwọ́ lẹ́rán. Òfin igbó ti ọdún 1966 sọ pé ẹni tí ó bá gbin igbó lè kú, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Ní oṣù kẹrin ọdún 1985, ìjọba ológun yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta nítorí òwò oògùn olóró. Wọ́n dá àjọ NDLEA sílẹ̀ ní ọdún 1989. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tí ó ní codeine nínú àti kíkó o wọ̀lú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà tún fọwọ́ sí àbá pé kí ìjìyà oníṣòwò oògùn olóró di ikú. Ẹni tí ń ta májèlé fún ọmọ ọlọ́mọ, ó tọ́ kí òfin mú un. Ṣùgbọ́n òfin kì í jókòó ti ọmọ lẹ́yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí wọ́n de oògùn ikọ́, tramadol wà nílẹ̀. Àdàlù oríṣiríṣi oògùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní omi gọ́tà náà wà nílẹ̀. Ẹni tí ó sì sábà máa ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ kì í ṣe àjèjì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.

Àwọn àgbà ní àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń lé ọmọ kúrò lẹ́yìn ọ̀rẹ́ búburú, tí wọn a sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n kí ni àgùntàn ń wá lọ́dọ̀ ajá? Ìbùba tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń mu igbó ń fún ọmọ ní ohun tí kò rí nílé, tí kò sì rí ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó ń fún un ní orúkọ ìnagijẹ, ìkíni tí àwọn nìkan mọ̀, ipò tí ó lè dé, àti ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀ bí ìjà bá dé. Ohun ẹgbẹ́ ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Àwọn aṣebi ni ó ṣa ètò náà lò lẹ́yìn tí àwọn tí ó ni ín ti sọ ọ́ nù.

Láyé àtijọ́, kí ọmọkùnrin tó gbéyàwó ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀. Wọn a yan olórí láàrin ara wọn, wọn a sì wá àgbàlagbà kan fi ṣe bàbá ẹgbẹ́. Àwọn ọmọbìnrin náà a ní ìyá ẹgbẹ́ tiwọn. Ẹgbẹ́ ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Wọ́n ń bá ara wọn ro oko ní àáró, wọn a sì kó ara wọn jọ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá ìyàwó ọ̀kan nínú wọn. Níbẹ̀ ni agbára ẹgbẹ́ wà. Ẹni tí ó bá sọ ara rẹ̀ di ọ̀mùtí, tí a kò rí lóko nígbà tí ó kan oko ẹlòmíràn, ta ni yóò bá a lọ sí oko àna tirẹ̀? Ìtìjú tí bàbá kò lè fi pàṣán gbìn sí i lára, ojú ẹgbẹ́ a gbìn ín.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹgbẹ́ àtijọ́ jẹ́ àwùjọ àwọn áńgẹ́lì. Ẹmu wà níbẹ̀, ìjà àti ìlara sì wà níbẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ẹmu kọ́ ni ó kó wọn jọ. Iṣẹ́ ni ó kó wọn jọ, ẹmu sì ń tẹ̀lé iṣẹ́ lẹ́yìn.

Ètò yìí kò tíì kú tán. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí Awùjalẹ̀, Ọba Sikiru Adétọ̀nà, tí ó wàjà ní oṣù keje ọdún 2025, sọ jí, ni wọ́n ń jáde níbi Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá. Ojúgbà ni àwọn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n sì ń dáwó jọ tún ìlú ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti dàgbà ni ó kún inú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ìworan ni tirẹ̀.

Ìwádìí òde òní wá ń ti ọgbọ́n àtijọ́ yìí lẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Wales, àwọn onímọ̀ kan lo ilé-ẹ̀kọ́ 59 láti wo bí ojúgbà ṣe lè dí ojúgbà lọ́wọ́ sìgá mímu. Ní apá kan àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà, àwọn ọmọ ọdún 12 sí 13 fúnra wọn ni ó dárúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń tà láàrin ẹgbẹ́. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kọ́ àwọn tí wọ́n dárúkọ. Wọn kò ní kí wọ́n lọ wàásù. Wọ́n ní kí wọ́n máa bá ọ̀rẹ́ wọn sọ ọ́ bí wọ́n bá jọ ń ṣeré. Àbájáde tí ó jáde ní ọdún 2008 fi hàn pé sìgá mímu kéré níbẹ̀ ju ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù lọ. Sìgá ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe tramadol. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà, ọwọ́ ọ̀rẹ́, ni méjèèjì sábà ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1999, Thomas Dishion àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá kó kìkì àwọn ọmọ tí ìwà wọn ti ń wọ́ jọ sójú kan láti tún wọn ṣe, wọ́n lè burú ju bí a ti bá wọn lọ, nítorí pé ara wọn ni wọn yóò máa kọ́. Ẹgbẹ́ àtijọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí ni ó fi ń kó ènìyàn jọ, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́gbọ́n àti òmùgọ̀ jọ wà níbẹ̀, bàbá ẹgbẹ́ sì ń mójú tó wọn.

NDLEA ti dá ẹgbẹ́ agbógun-ti-oògùn-olóró sílẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n níbi tí olùkọ́ bá ti yan àwọn ọmọ tí kò ní ọ̀rẹ́ kan láàrin àwọn ojúgbà wọn, tí wọ́n gbé pátákó ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà tí àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà, tí a kò sì gbúròó wọn mọ́ títí ọdún fi yí po, ẹgbẹ́ kọ́ nìyẹn. Ohun mẹ́ta ni ó ń sọ àwùjọ di ẹgbẹ́. Èkíní, kí àwọn ọmọ fúnra wọn yan ẹni tí wọn yóò tẹ̀lé. Èkejì, kí wọ́n ní iṣẹ́ tí ó ń fún wọn ní iyì, ìbáà jẹ́ bọ́ọ̀lù, eré orí ìtàgé, oko ilé-ẹ̀kọ́ tàbí àtúnṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀kẹta, kí àgbàlagbà kan wà tí ọmọ lè fi àṣírí hàn, láìbẹ̀rù pé àgọ́ ọlọ́pàá ni ọ̀rọ̀ náà yóò kọ́kọ́ dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni ti ọmọ tí ọwọ́ tẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá lé e dànù, tí bàbá rẹ̀ sì tì í síta, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó kù tí yóò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ìbùba ni wọ́n sì wà. Ẹni tí oògùn ti sọ di ẹrú, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ, irú èyí tí ó wà ní Arò ní Abẹ́òkúta, nítorí pé ojúgbà kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ibẹ̀ dé, ọ̀dọ̀ ta ni yóò padà sí?

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n ọmọdé ni láti mọ ohun tí ojúgbà rẹ̀ yóò gbọ́. Ọgbọ́n àgbà ni láti fún wọn ní ibi tí wọn yóò ti máa pàdé, iṣẹ́ tí wọn yóò máa ṣe níbẹ̀, àti etí tí yóò máa gbọ́ wọn. Kí ẹ̀yin òbí ka iye ọ̀dọ́ tí ó wà ní àdúgbò yín, kí ẹ sì bi ara yín léèrè ta ni bàbá ẹgbẹ́ wọn. Bí kò bá sí ẹni tí ẹ lè dárúkọ, ẹ mọ̀ dájú pé ẹnìkan ti wà ní ìbùba tí ń ṣe é.