Sinimá Yorùbá ti di ọlọ́lá, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ńkọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí ló yẹ kó ṣẹ mọ́ àwọn bàbá àti ìyá wa lára lórí ọ̀rọ̀ sinimá Yorùbá, nítorí pé àwọn ni wọ́n fi owó àti àkókò wọn tọ́ ọ láti kékeré. Ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe rí lónìí, sinimá Yorùbá ti di ọlọ́lá, òkìkí rẹ̀ ti kàn dé ìlú òyìnbó, àwọn tó fún un lọ́mú nígbà náà kò sì rí i wò mọ́, àfi bí ọmọ tàbí ọmọ ọmọ bá ṣàánú wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ bàbá télọ̀ kan ní agbègbè Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú kò sì jẹ́ kó lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá dé ìsọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ ni yóò kọ́kọ́ bá onítọ̀hún sọ, ọ̀rọ̀ sinimá ni. Bàbá yìí wà nínú èrò tó kún gbọ̀ngàn ìlú fọ́fọ́ lásìkò tí olóògbé Hubert Ògúndé gbé sinimá Ayé jáde lọ́dún 1979. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà. Ó san owó ènìyàn méjì lọ́jọ́ náà, owó tirẹ̀ àti ti ọmọge kan tó padà di ìyàwó rẹ̀. Títí di òní, bí ìyá bá fẹ́ múnú bí i, ìyá a ní ẹ̀rù àwọn àjẹ́ inú sinimá ni kò jẹ́ kí òun lè sá fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bí ìgbà ṣe ń yí ni bàbá yìí ń bá a yí. Nígbà tí sinimá àgbéléwò dé, ó ń háyà kásẹ́ẹ̀tì wò. Ó wo Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tí Túndé Kèlání gbé jáde lọ́dún 1993, ó sì wo Ṣaworoidẹ, èyí tí olóògbé ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde lọ́dún 1999, títí tó fi mọ gbogbo ọ̀rọ̀ Bàbá Ọ̀pálábá sórí. Nígbà tí síídì gbòde, owó aṣọ tó bá rán lọ́jọ́ ọjà ló fi ń rà á. Páálí síídì méjì ló ṣì wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó ti bàjẹ́, ẹni tó ń tún un ṣe nílùú sì ti pa iṣẹ́ náà tì, fóònù ló ń tún ṣe báyìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yíwọ́ nìyẹn. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, irú sinimá tí bàbá yìí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run fún ni àwọn òṣèré wa ń ṣe. Kúnlé Afọláyan gbé Aníkúlápó jáde lọ́dún 2022, Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé Agẹṣinkólé jáde lọ́dún yẹn kan náà, ó sì fi Jagun Jagun tẹ̀ lé e lọ́dún 2023. Lọ́dún 2024, Bọ́láńlé Austen-Peters ṣe sinimá nípa ilé Baṣọ̀run Gáà, Lateef Adédiméjì sì ṣe ti Lísàbí. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ìtàn Yorùbá ni, aṣọ, ìlù àti àṣà Yorùbá ló kún inú wọn. Ṣùgbọ́n orí Netflix àti irú rẹ̀, tàbí ilé sinimá ńláńlá tó wà nínú àwọn ìlú ńlá, ni wọ́n ń gbé wọn sí. Aníkúlápó pàápàá, Igbójàyè ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn níbẹ̀ ni Kúnlé Afọláyan kọ́ abúlé sinimá rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ọdún méjì gbáko ni bàbá télọ̀ wa fi ń gbọ́ orúkọ sinimá náà lórí rédíò kó tó fojú kàn án.

Ọdún Kérésìmesì 2024 ni ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé n'Íbàdàn gbé fóònù wálé, tó ní kí bàbá àgbà wá wo ohun tí ayé ń wò. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi wò wọ́n, torí pé iná kì í dúró, fóònù náà sì ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun tí bàbá sọ nípa àwọn sinimá náà yẹ kí àwọn tó ṣe wọ́n gbọ́, nítorí pé ẹni tó ti ń jẹ iyán láti ọdún pípẹ́ ló mọ èyí tó kún dáadáa.

Aníkúlápó dùn mọ́ bàbá nínú, pàápàá bó ṣe rí i pé ahunṣọ òfì ni Sàró tí ìtàn dá lé lórí. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí i kí sinimá fi ọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́. Àìmoore Sàró sí Àrólákẹ́, obìnrin tó fi ipò olorì sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ló bí i nínú. Ó ní kò sí oògùn tó lè gba aláìmoore. Ní ti Jagun Jagun, ó yin ìjà inú rẹ̀, ó yin ọ̀ṣọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ó ní ọfọ̀ ti pọ̀ jù, ariwo sì ti bò ó mọ́lẹ̀. "Ọfọ̀ kì í ṣe ariwo," bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹni tó bá mọ ohun tó ń pè kì í pariwo." Nígbà tí wọ́n dé orí ti Gáà, kò sọ nǹkan kan títí tó fi parí. Ìgbà tó parí ló mí kanlẹ̀, tó ní bí o láyà, kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o ṣòótọ́. Ó ní ohun tí òwe yẹn ń sọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ta sílẹ̀ nínú àwọn sinimá ìsinsìnyí ti ń pọ̀ jù fún ilé tí ọmọdé wà.

Lísàbí ló wá yí gbogbo nǹkan padà. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ẹ̀gbá mọ̀ pé àáró, ìyẹn káwọn àgbẹ̀ máa bá ara wọn ṣiṣẹ́ oko lọ́kọ̀ọ̀kan, ni Lísàbí fi kó àwọn ènìyàn jọ títí tí wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ ìyà tí àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ fi ń jẹ wọ́n. Ibi tí sinimá dé nìyẹn tí bàbá ní kí ọmọ náà dá a dúró.

"Ìwọ, ǹjẹ́ o tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àáró?"

"Rárá o, bàbá àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, sà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n sọ di ìrọ̀lẹ́. Bàbá ka orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣe àáró nígbà tó ṣì ń dáko, ó sọ oko ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó sọ ẹni tó sá lọ lọ́jọ́ tó kan oko ẹlòmíràn àti orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ títí tó fi kú. Ọmọ tó jẹ́ pé "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ káalẹ́" nìkan ló máa ń sọ fún bàbá rẹ̀ àgbà bó bá wálé, ló jókòó tì í fún wákàtí mẹ́ta. Kì í ṣe fóònù ló ṣe é, ìtàn inú rẹ̀ ni.

Ohun tó sì tún yẹ kí a kíyè sí ni pé ọmọ náà kì í fi etí gbọ́ sinimá, ojú ló fi ń kà á. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ló ń kà. Bí òṣèré bá pa òwe, bàbá á rẹ́rìn-ín, ọmọ á dákẹ́, torí pé Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ ti mú ìtumọ̀, ó fi adùn sílẹ̀. Ìgbà tí bàbá bá túmọ̀ òwe náà tán lọmọ máa ń rẹ́rìn-ín tirẹ̀. Ó hàn gbangba pé bí àgbà kò bá sí nídìí sinimá wọ̀nyí, ìdajì ohun tó wà nínú wọn ló ń bọ́ sọnù. Òyìnbó tó ń wò ó lókè òkun lè má mọ̀ pé nǹkan sọnù, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ni àjálù ńlá.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé kí àwọn òṣèré wa má lọ síbi tí owó wà. Lóòótọ́, owó wà níbẹ̀. Agẹṣinkólé pa ohun tó lé ní 300 mílíọ̀nù náírà ní ilé sinimá. A Tribe Called Judah tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde lọ́dún 2023 di sinimá Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá, Everybody Loves Jenifa tó gbé jáde lọ́dún 2024 náà sì kọjá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Jenifa tí à ń wí yìí, orí síídì ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008. Àwọn tó ra síídì yẹn ní gareeji àti lọ́jà ló sọ ọmọ abúlé tó lọ sí yunifásítì náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Mélòó nínú wọn ló rí i wò nígbà tó wọ ilé sinimá?

Bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí a gbàgbé ohun tó lé àwọn òṣèré kúrò ní ìgboro. Olè ni. Ọ̀run Móoru tí olóògbé Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ṣe lọ́dún 1982, àwọn oníṣẹ́ ibi ló ṣe àdàkọ rẹ̀ kiri ìgboro, gbèsè sì wọ òun tó ni iṣẹ́ lọ́rùn. Nígbà tí síídì dé, ayédèrú pọ̀ ju ojúlówó lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ṣùgbọ́n ṣé olè ti lọ? Ní ìlú bàbá télọ̀ wa, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba owó bá ènìyàn ṣá fóònù lọ́jà náà ló ń kó sinimá tuntun sínú mẹ́mọ́rì káàdì tà fún ẹni tó bá fẹ́. Lísàbí apá kejì jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, lẹ́yìn tí ọmọ ti padà sílé ìwé. Bàbá kò lè dúró, ó lọ ra káàdì. Kò mọ̀ pé olè lòun ń fún lówó. Kọ́bọ̀ kan kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe sinimá, bẹ́ẹ̀ bàbá ṣe tán láti san án. Èyí fi hàn pé bí olóko bá kọ̀ tí kò gbé iṣu rẹ̀ wá sọ́jà, olè yóò bá a gbé e wá.

Ohun mìíràn tó yẹ kó ká àwọn òṣèré wa lára ni pé ẹni tó gbójú lé ogún, ó fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Amazon Prime Video kéde pé àwọn kò ní gbé iṣẹ́ sinimá tuntun fún àwọn ará Áfíríkà ṣe mọ́. Òyìnbó tó bá ṣí ilẹ̀kùn fúnni lónìí lè tì í lọ́la. Èrò tó wà lábúlé kò ní ibi tí wọ́n ń lọ.

Kí ni ṣíṣe? Ọ̀nà rẹ̀ kò jìnnà. Ìlú dé ìlú ni Ògúndé, Adé Love àti Bàbá Sàlá ń gbé sinimá wọn kiri. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love ni. Fẹ́mi Adébáyọ̀, ọmọ Adébáyọ̀ Sàlámì, Ọ̀gá Bello, ni. Ọmọ àwọn tó mọ ọ̀nà ni wọ́n. Bí sinimá bá ti ṣe oṣù díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó yẹ kó wà nínú àdéhùn wọn pé àwọn lè gbé e wá sí gbọ̀ngàn ìlú, kí wọ́n sì gba owó tí apá mẹ̀kúnnù ká. Ẹgbẹ́ TAMPAN ní ọmọ ẹgbẹ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá tó lè mójú tó èyí. Àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ ní gbọ̀ngàn, wọ́n sì ní jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń tàn bí ìpàdé òṣèlú bá dé. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ bíi BCOS, OGTV àti OSBC náà lè ra ẹ̀tọ́ láti fi wọ́n hàn lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Kí ìlú kan gbà á lọ́sẹ̀ yìí, kí ìlú kejì gbà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí tí yóò fi yí ká. Àáró náà nìyẹn, kò sì yẹ kó ṣòro fún àwọn tó fi àáró ṣe sinimá.

Bí ọdún Iléyá 2025 ṣe ku ọ̀la, bàbá télọ̀ ti gbá iwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó ti to àga sílẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò wá jókòó ti òun àti ọmọ ọmọ òun, kí gbogbo wọn jọ wo Lísàbí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ mọ́kànlá ló wá. Fóònù kan ṣoṣo ni wọ́n ní, kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí nǹkan kan, bàbá ló ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún wọn.