Ẹ fi èyí tó wà lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ ná

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké ló ń pariwo pé àìsí owó ni kò jẹ́ káwọn tíì bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kírú wọn gbọ́ ìtàn Robert Rodriguez.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Yunifásítì Texas, l'Amẹ́ríkà, nígbà tó ṣe fíìmù kúkúrú kan, Bedhead, lọ́dún 1991. Kò háyà òṣèré, àwọn àbúrò ẹ̀ ló kó síbẹ̀. Ọgbọ́n yìí náà ló fi ṣe El Mariachi, tó jáde lọ́dún 1992, pẹ̀lú nǹkan bíi 7,000 dọ́là. Ó kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílẹ̀, bí ajá, bọ́ọ̀sì àti àpótí gìtá, kó tó kọ ìtàn tó bá wọn mu. Àga onítáyà táwọn aláìsàn ń lò ló fi ń gbé kámẹ́rà rìn.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tan ara ẹ̀ jẹ o. Owó tí iléeṣẹ́ Columbia tó ra fíìmù náà ná kó tó dé sinimá ju 7,000 dọ́là lọ fíìfíì. Owó kékeré lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í sábà parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ ni olówó ń rí kó tó dá sí i. Ẹni tí kò tíì pàtẹ, kí ni oníbàárà fẹ́ bá a ná?