Irin Gbígbé Kì í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́jáde lè má fara mọ́ èrò wa yìí. Irin gbígbé kì í ṣe iṣẹ́ jàǹdùkú. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kò sọ fún Tímótíù pé eré ìdárayá kò lérè rárá. Ìwọ̀n ni ó fi sí i. Àwa tí a ti lé ní 60 ọdún gan-an ni ó tọ́ sí jù, nítorí bí ọjọ́ orí ti ń gòkè ni iṣan ń joro.

Èrò wa kejì ni pé ìyẹ̀fun inú agolo tí àwọn ọmọ wa ń ná owó ńlá lé lórí kò pọn dandan. Láti ara wàrà ni a ti ń yọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹyin kan ṣoṣo ní nǹkan bí gíráàmù 6 èròjà amúaradàgbà. Ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ẹja náà ní in. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: oúnjẹ gidi, oorun àti sùúrù ni iṣan ń fẹ́.

Oògùn àti abẹ́rẹ́ tí ń mú iṣan wú ni kí a bẹ̀rù. Ó lè ba ọkàn àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè sọ ọkùnrin di aláìlèbímọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ yín léèrè ohun tí ó ń lò.